Kọ́kọ́rọ́ bóhòòlù àdúgbò wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti ń dùn mọ́ mi

BàbáTítí_Kàbà · Sátidé, 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará, Ọ̀kun o. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àdúgbò wa níbí ní Kàbà, a dáwó jọ lọ́dún tó kọjá, a gbẹ́ bóhòòlù. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kálukú ń wo ilẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lówó nínú ni. Kí èèyàn jí ní ìdájí, kó fa okùn jẹnẹrétọ̀, kó dúró títí táńkì á fi kún, kó máa gba 50 náírà lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan fún owó epo. Mo ní kò burú, mo ti fẹ̀yìntì, oorun kì í pẹ́ lójú mi mọ́. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lé mi lọ́wọ́, ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n so àkísà pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà sọnù.

Oṣù àkọ́kọ́, kò sí ìṣòro. Ní oṣù kejì ni mo rí i pé ìkíni ti yàtọ̀. Àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá kọjá níwájú ilé mi tẹ́lẹ̀ wọn kì í wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n ti ń kúnlẹ̀. Ẹnì kan gbé iṣu mẹ́ta wá. Mi ò béèrè, ṣùgbọ́n mo gbà á. Láti ọjọ́ náà, kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kún, mi ò sì rántí ọjọ́ tí mo pinnu pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìyá kan wà ládùúgbò. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àìsàn gbé ìyàwó mi dè lóru. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn wọn pé kí wọ́n fi mọ́tò gbé wa dé ọsibítù. Ìyá yìí dá mi lóhùn láti ojú fèrèsé pé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ò sí nílé. Mo ń rí i lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, a rí ọ̀kadà. Mi ò bá a jà. Mo gbà pé mo ti gbàgbé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí omi, aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Mo ti wọṣọ, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé, mo ń wò ó. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì, ó dìde, ó tún jókòó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé, mo mọ̀. Mo po tíì, mo mu ún tán. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo tó jáde, mo ní pọ́lọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ ló dọ̀tí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, ẹ ṣeun."

Ó dùn mọ́ mi dé eegun. Dídùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣé kọ́kọ́rọ́ yìí ló sọ mí dà báyìí, àbí bí mo ṣe wà látilẹ̀wá nìyí, àìrí kọ́kọ́rọ́ ni kò jẹ́ kó hàn? Kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ · Sátidé, 9:31 alẹ́

Bàbá o! Tíì lọ́wọ́ lẹ́yìn fèrèsé! Mo rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì ni mí. Aláìsàn tó bá ti jágbe mọ́ mi láàárọ̀, tó bá tún pè mí lọ́sàn-án, mo mọ bí mo ṣe ń rìn lọ bá a. Ẹsẹ̀ mi á kàn wúwo ni. Kò sí ìwé tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, kò sí ọ̀gá tó máa rí i.

ÌyáOníresì · Sátidé, 10:02 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo máa ń wà níta fèrèsé sọ tèmi.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí n tó lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wọkọ̀ láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń fi bírò ya ẹyẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹyẹ tó lẹ́wà o, mo rántí ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ò tíì dé. Mo ń rí bàtà ọ̀gá lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó tún ya ẹyẹ mìíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta mo mú owó jáde, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé kò gbà á! Ó ní òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe owó ló ń wá. Ó kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé bí òun ò bá dìde lórí àga yẹn, mi ò ní dé ibi tí mò ń lọ.

Bàbá Títí, ìyá yẹn mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró máa ń mọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun" tó sọ yẹn, kì í ṣe ọpẹ́.

TíṣàFẹ̀yìntì · Sọ́ńdè, 6:48 àárọ̀

Láti Ìsánlú ni mo ti ń kí yín. Bàbá Títí, ẹ kú ọkàn akin, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí a kì í sọ.

Ọmọ iléèwé mi máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní agbára. Èmi máa ń ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ipá ni ti ẹni tó lè gbé ọ ṣánlẹ̀. Àṣẹ ni ti ẹni tó sọ̀rọ̀ tó sì ṣẹ, torí ìlú ti fẹnu kò pé kó máa sọ ọ́. Àṣẹ ni àdúgbò fún yín. Ní Ọjọ́bọ̀, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀, ẹ sọ ọ́ di ipá, àgádágodo kan náà, àkísà pupa kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó rí. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó pòwe Gáà fún yín, "bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́." Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé wọ́n máa ń sọ ìtàn yẹn lódì. Wọ́n á ní Gáà burú, ó kú ikú burúkú, ó tán. Wọ́n gbàgbé oyè tó jẹ. Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí wọ́n ń yan Aláàfin, tí wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Láyé ìgbà náà, bí Aláàfin bá di òǹrorò, Baṣọ̀run ló ń jíṣẹ́ fún un pé ìlú ti kọ̀ ọ́, ọba náà á sì gba ikú. Iṣẹ́ rere ni o! Ìjánu ọba ni wọ́n fi í ṣe. Láti ọdún 1754 sí 1774, ìjánu yìí ni Gáà fi jọba. Awónbíojú tó ní òun ò ní dọ̀bálẹ̀ fún Baṣọ̀run, 130 ọjọ́ péré ló lò lórí ìtẹ́. Abíọ́dún ní tirẹ̀ ń lọ kí i láràárọ̀, ó ń fojú tẹ́lẹ̀, títí ó fi ráyè ránṣẹ́ sí Ọyàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Gáà.

Ohun tó máa ń ká mi lára nínú ìtàn náà ni pé ó ṣeé ṣe kí Gáà fúnra rẹ̀ gbà pé ìlú lòun ń gbèjà. Ẹ wo ara yín lẹ́yìn fèrèsé. Ṣé ẹ̀yin náà ò ní in lọ́kàn pé ẹ̀san ni, pé ẹ̀tọ́ yín ni?

Gbẹ̀dẹ̀_Àbújá · Sọ́ńdè, 7:20 àárọ̀

Tíṣà, ẹ kú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa fi ìwà rere tu ara wa nínú.

Àwa Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ò tíì rí agbára débi tó máa bà wá jẹ́! Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo wa. Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bídà ń kó wa lẹ́rú, àwọn kan sá gun òkè. Ní 1897 Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lé ọmọ ogun Bídà kúrò ní Kàbà, àwọn èèyàn wa yọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé àsíá wọn sókè ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀gá kan lọ, ọ̀gá kan dé, kò sẹ́ni tó bi wá. Wọ́n kó wa sí Kwara ní 1967, wọ́n tún kó wa sí Kogi ní 1991. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ọmọ Ọ̀kun tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni Clarence Olafemi, olórí ilé aṣòfin, tó ṣe adelé ní ọdún 2008 fún nǹkan bí oṣù méjì, tí wọ́n sì tún ìbò dì.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn lẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i gbà. Tó bá dọ́wọ́ wa tán, a ó jọ jíròrò ìwà.

ÌyáOníresì · Sọ́ńdè, 7:33 àárọ̀

Akọ̀wé tó ń ya ẹyẹ yẹn, ọmọ Ọ̀kun ni. Èdè wa ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Ọ̀kun o, Mọ̀mọ́."

Gbẹ̀dẹ̀_Àbújá · Sọ́ńdè, 7:35 àárọ̀

Hmm.

ỌdẹBùnú · Sọ́ńdè, 2:17 ọ̀sán

Mi ò mọ̀wé bíi Tíṣà, ṣùgbọ́n ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ mi, èmi náà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

A máa ń ṣọ́de lábúlé wa torí àwọn ajínigbé. Ní òru ọjọ́ kan, bí aago méjì, a mú ọmọkùnrin kan pẹ̀lú àpò iṣu lójú ọ̀nà oko. A ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbọ̀n níwájú ìbọn mẹ́fà máa ń jọ olè. Ọ̀kan nínú wa ń pariwo jù. Èmi mọ̀ pé bàbá ọmọ náà jẹ ẹ́ lówó.

Olórí ọdẹ wa kò bá a wí. Ó kàn ní kí gbogbo wa fìbọn lélẹ̀, ká dáná, ká sun iṣu. Iṣu inú àpò náà gan-an o! Ó ní a kì í dájọ́ lóru. Ó gé iṣu, ó bù fún ọmọ náà pẹ̀lú. Òórùn iṣu sísun gba gbogbo ibẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè na ẹni tí ẹ̀ ń bá jẹun nínú àwo kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọmọ náà ti lè sọ̀rọ̀. Iṣu ìyá àgbà rẹ̀ ni, wọ́n ní kó tètè gbé e dé títì kí ọkọ̀ ọjà Kàbà má baà fi í sílẹ̀. A mú un dé ilé, ìyá àgbà jẹ́rìí sí i. A sanwó iṣu tí a jẹ.

Èmi fúnra mi ti ká ìka mi mọ́ ìfà ìbọn lóru ọjọ́ náà. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan nílé.

Lọ́yà_Ìjùmú · Sọ́ńdè, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ olórí ọdẹ yẹn, òfin gan-an nìyẹn, kódà bí kò mọ̀. Òfin kò ní kí èèyàn má bínú, ó kàn ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 308, kò jẹ́ kí wọ́n pe ààrẹ tàbí gómìnà lẹ́jọ́ nígbà tó bá wà lórí oyè. Àwọn èèyàn ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n abala 69 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó ní bí ó bá ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò lágbègbè kan lọ tó fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú aṣòfin àwọn mọ́, kí wọ́n dìbò kí wọ́n pè é padà wálé. A gbìyànjú rẹ̀ ní Kogi West yìí. Orúkọ tó lé ní 180,000 ni wọ́n kó lọ síwájú àjọ INEC pé ká pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2018, INEC ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i jáde wá fojú hàn. Àwọn tí wọ́n rí i pé ó pé kò ju ìdá 5 àti díẹ̀ nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ó parí síbẹ̀. Mi ò gbèjà ẹnì kankan. Ẹnì kan lè sọ pé ayédèrú ni orúkọ wọ̀nyẹn, ẹlòmíì lè sọ pé ẹ̀rù bà wọ́n. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ wo bó ṣe rọrùn tó láti fi orúkọ aráàlú ṣe nǹkan lẹ́yìn aráàlú.

Ẹ tún wo ti ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní gómìnà ò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, kó máa lọ tààrà. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n alága tó bá gba owó náà tààrà, ta ni yóò

Lọ́yà_Ìjùmú · Sọ́ńdè, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Mo ní ta ni yóò wo ìwé tirẹ̀?

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ · Sọ́ńdè, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Bàbá Títí ń jí ní ìdájí ọ̀la. Abala wo ló wà fún bóhòòlù?

TíṣàFẹ̀yìntì · Sọ́ńdè, 8:11 alẹ́

Abala rẹ̀ wà ní Kàbà níbẹ̀, wọ́n bí Bàbá Títí sínú rẹ̀. Àwọn Owé, ará Kàbà, kò fi gbogbo oyè sọ́wọ́ agbo ilé kan. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n, Kàbà, Katu, Odolu. Oyè ńlá mẹ́ta náà ni, Ọbaró, Ọbadọ̀fin, Ọbajẹmu. Oyè Ọbaró ń yí kiri láàárín ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó wà lókè lónìí mọ̀ pé lọ́jọ́ iwájú ẹ̀ka mìíràn á wà lókè, òun á sì wà nísàlẹ̀, ọmọ òun á wà nísàlẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé wọn kì í jà lórí rẹ̀. Wọ́n ń jà dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ń gbé ara wọn lọ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn tó mọ̀ pé òun ṣì máa tò sórí ìlà máa ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ rọ kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta.

BàbáTítí_Kàbà · Sọ́ńdè, 8:50 alẹ́

Tíṣà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ jẹnẹrétọ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń yí epo rẹ̀ padà. Tí a bá di mẹ́ta, ọjọ́ tó bá kú, ẹni kìíní á ní ẹnì kejì ló lò ó gbẹ̀yìn. Èmi nìkan ni mo mọ ìgbà tí yóò máa wú èéfín dúdú.

Gbẹ̀dẹ̀_Àbújá · Sọ́ńdè, 9:02 alẹ́

Ọ̀rọ̀ rèé! Ìwà ìkà ẹnì kan máa ń hàn, àìbìkítà ènìyàn mẹ́ta kì í hàn. Omi á kàn gbẹ ni.

(Ṣùgbọ́n, Bàbá, gbogbo ẹni tí kò fẹ́ fi ipò sílẹ̀ ló máa ń sọ pé òun nìkan ló mọ jẹnẹrétọ̀. Ẹ má bínú sí mi.)

Ọmọ_Ẹ̀gbẹ̀ · Sọ́ńdè, 9:10 alẹ́

Kí ìtọ́jú ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ Bàbá, kí ṣíṣí ilẹ̀kùn má wà lọ́wọ́ Bàbá. Nǹkan méjì ni. Kí wọ́n fi ọ̀dà kọ aago sí ara ògiri, kí ọmọdé tó ń kọ́ A B D lè kà á. Kí Bàbá sì lọ bẹ ìyá náà. Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú.

ÌyáOníresì · Sọ́ńdè, 9:12 alẹ́

Iṣu mẹ́ta yẹn ńkọ́?

BàbáTítí_Kàbà · Sọ́ńdè, 9:30 alẹ́

A ti jẹ ẹ́.

BàbáTítí_Kàbà · Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, 7:25 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n jábọ̀.

A ṣèpàdé. Mo sọ pé iṣẹ́ ti ń wọ̀ mí lọ́rùn, mi ò lè sọ ìdí gan-an níwájú gbogbo wọn. Wọ́n rọ kọ́kọ́rọ́ méjì kún ọ̀kan. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ búlúù kọ ọ́ sí ògiri gàdàgbà: 5:45 ÀÁRỌ̀. Epo àti pọ́lọ́ọ̀gì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tó máa di kọ́kọ́rọ́ kejì àti ìkẹta mú, ẹnì kan dárúkọ ìyá náà. Èmi kọ́ o. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo lọ sílé rẹ̀ lálẹ́ Àìkú. Mo jókòó, ó gbé omi wá. Gbólóhùn tí mo ti tò sílẹ̀ láti ilé, mi ò rí i mú jáde. Mo ń sọ ti òjò, mo ń sọ ti owó epo. Nígbà tí mo dìde ló sọ pé, "Bàbá, mo rí yín lẹ́yìn fèrèsé lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ fèrèsé yín fẹ́lẹ́." Mo ní kó má bínú. Ó ní kò tọ́pẹ́. Kò sọ nǹkan kan nípa ti mọ́tò, èmi náà ò sọ.

Òní ló kàn án láti ṣí i. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, mo tò sórí ìlà, èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú mi. 5:45 kọjá. Aago mẹ́fà lù. Mo ń wo fèrèsé ilé wọn, aṣọ tiwọn nípọn. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló jáde, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó wò mí, ó ní pọ́lọ́ọ̀gì ló dọ̀tí.

Èmi tí mo fọ pọ́lọ́ọ̀gì náà lálẹ́ àná.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun."